Ìwà ni ó mú Ọ̀rẹ́ wá, tàbí Ọ̀rẹ́ ni ó mú Ìwà wá? Àyẹ̀wò ọgbọ́n ìṣirò lórí ìsokọ́ra àwọn ọ̀rẹ́

Òwe méjì ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà Yorùbá nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ tí ìwà rẹ̀ kò tọ́ bá délẹ̀. Èkíní ni, “Ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́.” Èkejì ni, “Àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́.” Ẹnu kan náà ni ó ń pa méjèèjì, nígbà mìíràn ní ìjókòó kan náà, bí ẹni pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ wọn yóò rí i pé wọn kò sọ ohun kan náà rárá. Nínú òwe kìíní, ìwà ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rẹ́ tó dé. Ìwà ni ó lọ wá ẹnìkejì rẹ̀ rí. Nínú òwe kejì, ìrìn ni ó ṣáájú. Àgùntàn kò mọ ìgbẹ́ í jẹ kí ó tó bá ajá kẹ́gbẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán. Bí olùkọ́ bá ká ọmọ mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn ilé ìwé pẹ̀lú sìgá lẹ́nu, ìdájọ́ tí yóò ṣe wà lọ́wọ́ òwe tí ó bá gbàgbọ́. Bí ó bá gba ti èkíní, àwọn ọmọ náà ti jẹ́ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó mọra. Títú wọn ká kò ní wo ohun kan sàn, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò tún wá irú ara rẹ̀ rí níbòmíràn. Bí ó bá gba ti èkejì, ajá kan ni ó wà láàárín àgùntàn mẹ́ta; kí a lé ajá lọ, kí ara sì tu agbo. Nínú irú ìdájọ́ báyìí ni a ti ń lé ọmọ kúrò ní ilé ìwé, tí a ń pààrọ̀ ìjókòó nínú kíláàsì, tí àwọn òbí sì ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ilé lágbájá mọ́. Ó yẹ, nígbà náà, kí a mọ̀ bóyá ọgbọ́n kan wà ní ayé tí ó lè sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú òwe méjèèjì.

Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ti ń ja ìjà yìí tipẹ́. Ní ọdún 1954 ni Paul Lazarsfeld àti Robert Merton fún ìjọra tí ó wà láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ní orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é títí di òní. Ní ọdún 1978, Denise Kandel gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìpínlẹ̀ New York, nínú èyí tí ó ti wo ọ̀rẹ́ méjì méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ àti ní ìparí rẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé òwe méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú òtítọ́: àwọn ọmọ ń yan ẹni tí ó jọ wọ́n, wọ́n sì ń jọ ẹni tí wọ́n yàn. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára rẹ̀. Kò sí ọ̀rẹ́ méjì tí ó dá dúró bí igi méjì nínú pápá. Ọ̀rẹ́ ní ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ náà sì tún ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wo méjì péré, ó ti fi ojú fo ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Ní nǹkan bí ìgbà náà ni ọgbọ́n mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1977, Paul Holland àti Samuel Leinhardt dá àbá pé a lè fi ìṣirò sọ bí gbogbo ìsokọ́ra àwọn ènìyàn ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Stanley Wasserman gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ní ọdún 1980. Tom Snijders, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Groningen ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì nígbà náà, ni ó sọ ọ́ di ohun èlò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè lò, nínú àwọn iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1996 àti 2001. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní SIENA ni a sì fi ń ṣe é. Èso pàtàkì kan lára igi yìí ni àròkọ gígùn tí Christian Steglich, Snijders àti Michael Pearson kọ ní ọdún 2010, nínú èyí tí wọ́n sọ pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ọ̀nà tí a fi lè ya àṣàyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àkóràn. Àṣàyàn ni òwe kìíní. Àkóràn ni òwe kejì. Ìlérí ńlá ni èyí, ìlérí náà sì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ilé ìwé kan ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Skọ́tílándì ni wọ́n mú ẹ̀rí wọn wá láti ibẹ̀. Ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, nígbà tí àwọn ọmọ náà jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì parí ní ọdún 1997. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a bi wọ́n léèrè: àwọn wo ni ọ̀rẹ́ rẹ? Ǹjẹ́ o ń mu sìgá? Ǹjẹ́ o ń mu ọtí? Ọmọ 160 ni ó kópa. 129 nínú wọn ni ó wà níjókòó ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí òǹkàwé lè mọ bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó, kí ó ṣírò rẹ̀ báyìí: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọmọ 129 lè pe ẹni kọ̀ọ̀kan nínú 128 yòókù ní ọ̀rẹ́ tàbí kí ó má pè é. Okùn tí ó lè wà láàárín wọn jẹ́ 16,512. Àwọn tí ó wà ní tòótọ́ nínú okùn wọ̀nyí, àti bí wọ́n ṣe ń já tí wọ́n sì ń so láàárín ọdún méjì, ni à ń pè ní ìsokọ́ra tí ń yí padà.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ó wà nínú àlàfo tí ó wà láàárín ìbéèrè kan àti èkejì. Kí a mú ọmọ méjì. Nígbà ìbéèrè kìíní, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀kan ń mu sìgá, èkejì kò mu ún. Nígbà ìbéèrè kejì, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, àwọn méjèèjì sì ń mu sìgá. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ di ọ̀rẹ́, tí ẹni tí kò mu sìgá sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀; òwe àgùntàn ni ó ṣẹ nígbà náà. Ó tún lè jẹ́ pé ẹni tí kò mu sìgá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún fún ìdí tirẹ̀, tí ẹ̀yìn ilé ìwé níbi tí àwọn amusìgá ń sá sí sì mú un pàdé ẹnìkejì; òwe ìwà ni ó ṣẹ nígbà náà. Ìwé ìbéèrè méjèèjì dọ́gba pátápátá nínú ìtàn méjèèjì. Kò sí òǹkà tí a lè ṣe lórí ìwé náà nìkan tí yóò fi èyí tí ó ṣáájú hàn.

Ohun tí Snijders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sí àlàfo yìí ni pé wọ́n fi àwòṣe kún un. Àwòṣe ni ìtàn tí a fi nọ́ḿbà sọ nípa bí nǹkan ṣe lè máa ṣẹlẹ̀. Nínú ìtàn tiwọn, àkókò ń lọ láìdúró. Ní ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀, ààyè ṣí sílẹ̀ fún ọmọ kan: ó lè fi ọ̀rẹ́ kan kún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lè yọ ọ̀kan kúrò, ó sì lè fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Ní ìgbà mìíràn, ààyè ṣí sílẹ̀ fún un lórí ìwà: ó lè fi ìwọ̀n kan kún sìgá tí ó ń mu, ó lè dín in kù ní ìwọ̀n kan, tàbí kí ó má yí i padà. Ìgbésẹ̀ kan ni lẹ́ẹ̀kan, ẹnìkan ṣoṣo ni ó sì ń gbé e. Ohun tí ọmọ náà yóò yàn wà lọ́wọ́ àwọn ìwọ̀n bíi mélòó kan: bí ó ṣe fẹ́ kí ẹni tí òun pè ní ọ̀rẹ́ pe òun náà padà; bí ó ṣe fẹ́ láti di ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀; bí ó ṣe ń wá ẹni tí ó jọ ọ́; bí ó ṣe ń fẹ́ láti jọ ẹni tí ó ti rí. Kọ̀ǹpútà a máa sọ irú ìtàn báyìí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, láti ìbéèrè kan dé èkejì, a sì máa tún àwọn ìwọ̀n náà ṣe títí tí òpin ìtàn tí ó ń sọ yóò fi jọ ohun tí a rí nínú ìwé àwọn ọmọ náà. Nígbà náà ni a óò wo ìwọ̀n àṣàyàn àti ìwọ̀n àkóràn, tí a óò sì mọ èyí tí ó wúwo.

Kí a tó bu ẹnu àtẹ́ lu ọgbọ́n yìí, ó tọ́ kí a san gbèsè ìyìn tí ó yẹ ẹ́. Ìyìn kìíní ni pé ó fi okùn tí ó so ọ̀rẹ́ mọ́ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ sínú ìṣirò. Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ̀ pé ọmọ méjì tí wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan náà kì í pẹ́ mọ ara wọn. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá ń mu sìgá, ẹni tí kò ka ọ̀nà yìí sí yóò rò pé sìgá ni ó fà wọ́n mọ́ra, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ àjùmọ̀ní ni ó fà wọ́n. Ìyìn kejì ni pé ó fi dandan lé e pé kí a béèrè ohun tí ó ṣáájú. Òwe kò ní ọjọ́ lára. Àwòṣe yìí ní. Ẹni tí ó bá lò ó kò lè wí pé ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́ kí ó sì dákẹ́; ó di dandan kí ó sọ ọ̀nà tí ìjọra náà gbà dé.

Bí ìyìn yìí ti tóbi tó yóò hàn bí a bá fi í wé iṣẹ́ mìíràn tí òkìkí rẹ̀ kàn ju tirẹ̀ lọ. Ní ọdún 2007, Nicholas Christakis àti James Fowler tẹ àbájáde kan jáde lórí àwọn ènìyàn 12,067 tí a ti ń tọ́ ìlera wọn láti ọdún 1971 títí di 2003 nínú ìwádìí ọkàn tí ó gbajúmọ̀ ní ìlú Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n ní bí ọ̀rẹ́ ẹnìkan bá sanra ju bí ó ti yẹ lọ, ewu pé òun náà yóò sanra bẹ́ẹ̀ yóò fi ìdá 57 nínú 100 pọ̀ sí i. Ìwé ìròyìn gbogbo ayé gbé e: sísanra ń ràn bí àìsàn, ọ̀rẹ́ ni ó sì ń kó o ran ọ̀rẹ́. Òwe àgùntàn ti borí, tàbí bẹ́ẹ̀ ni ó dàbí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ethan Cohen-Cole àti Jason Fletcher mú irú ìṣirò kan náà, wọ́n sì fi í wo àwọn ọ̀dọ́ ilé ìwé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọn kò wo sísanra. Irorẹ́ ojú, ẹ̀fọ́rí àti gíga ni wọ́n wò. Ìṣirò náà sì sọ fún wọn láìtijú pé irorẹ́ ń ràn láàárín ọ̀rẹ́, pé ẹ̀fọ́rí ń ràn, pé gíga pàápàá ń ràn! Ta ni ó ga nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ga? Nígbà tí wọ́n ka ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ jọ ní ní àyíká wọn sí, àkóràn náà pòórá. Ohun èlò tí ó bá lè rí àkóràn níbi tí kò lè sí, a kò gbọdọ̀ gbà á gbọ́ níbi tí ó ti lè wà. Iṣẹ́ tí àwọn ará Groningen ṣe kò ṣubú sínú kòtò yìí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó fi àṣàyàn fúnra rẹ̀ sínú ìtàn, ó sì jẹ́ kí àṣàyàn àti àkóràn jìjàkadì lójú agbo kan náà.

Ṣùgbọ́n ìyìn kì í ṣe ẹ̀rí. Nǹkan mẹ́rin ni ó ń kọ ni lóminú nínú ìlérí náà.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Àwòṣe yìí kì í gbìyànjú láti sọ bí ìsokọ́ra ti ṣe rí bí ó ṣe rí nígbà ìbéèrè kìíní. Ó kàn gba ọjọ́ náà bí ó ti bá a ni. Ìyípadà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Àwọn tí ó ṣe àwòṣe náà kò fi èyí pamọ́, ó sì mọ́gbọ́n dání fún ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá kì í ṣe ìkókó. Ó ti ní ọ̀rẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ti ní àdúgbò, ó ti rí ẹ̀gbọ́n tí ó ń mu sìgá. Bí àkóràn bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán kí ìwádìí tó dé, àwòṣe yóò bá àwọn ọmọ tí ó ti jọra, tí wọ́n sì ń yan ara wọn, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sí orúkọ àṣàyàn. Ẹni tí ó dé ọjà ní ọ̀sán kò lè sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pàtẹ.

Èkejì ni ohun tí kò sí nínú ìwé ìbéèrè. Ní ọdún 2011, Cosma Shalizi àti Andrew Thomas fi hàn, pẹ̀lú ẹ̀rí ìṣirò, pé bí ohun kan bá wà tí a kò wọ̀n, tí ohun náà sì ń mú kí ènìyàn di ọ̀rẹ́, tí ó tún ń mú kí wọ́n hu irú ìwà kan náà, kò sí bí a ti ṣe lè ya àṣàyàn kúrò lára àkóràn láti inú ohun tí a fi ojú rí nìkan. Kí a rò ó wò: ọmọ méjì tí ìrònú ilé ń dà láàmú lè rí ara wọn nítorí ìrònú náà, kí àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sìgá nítorí ìrònú náà, ọ̀kan ní oṣù kẹta, èkejì ní oṣù kẹfà. Lójú àwòṣe, ẹni oṣù kẹta ni ó kó o ran ẹni oṣù kẹfà. Ní òtítọ́, ẹnikẹ́ni kò ran ẹnikẹ́ni. Ẹrù kan náà ni ó wà lórí àwọn méjèèjì, ọrùn ọ̀kan ni ó kọ́kọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìjọra náà kò gba ọ̀nà méjì péré wọlé. Ọ̀nà kẹta wà tí òwe méjèèjì kò dárúkọ, àwòṣe kò sì lè rí i bí a kò bá kọ́kọ́ fi hàn án.

Ẹ̀kẹta ni irú ènìyàn tí ó wà nínú ìtàn náà. Ọmọ inú àwòṣe ń dá gbé ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Kò lè bá ẹlòmíràn dìmọ̀ pọ̀ kí wọ́n jọ yí padà ní ọjọ́ kan náà. A tún gbà pé ó mọ gbogbo ìsokọ́ra tí ó wà ní àyíká rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ràn ta ni àti ẹni tí ó ń mu kí ni. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní kíláàsì rí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ọmọ a máa jọ bẹ̀rẹ̀ nǹkan lọ́jọ́ kan náà, bí ẹgbẹ́ tí ó dá aṣọ. Wọn a máa jà ní méjì méjì, kí agbo mẹ́fà sì tú ká ní ọ̀sán kan. Wọn a sì máa ṣi ara wọn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri ilé ìwé jẹ́ ààlà ìsokọ́ra náà. Ọ̀rẹ́ tí ó ń gbé ní òpópónà kejì tí kò sì lọ sí ilé ìwé náà kò sí nínú àwọn 129, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni sìgá kìíní ti wá. Ọmọ 31 tí kò sí níjókòó ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Àìsàn lè mú ọmọ sùn sílé, òbí sì lè kó lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń sá kúrò ní ilé ìwé pẹ̀lú kò ní sí níbẹ̀ ní ọjọ́ ìbéèrè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni a sì ń wá.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì yẹ kí ó jẹ akẹ́kọ̀ọ́ èdè lógún jù lọ, ni ọ̀rọ̀ náà “ọ̀rẹ́.” Nínú ìṣirò, okùn wà tàbí okùn kò sí: ení tàbí òdo. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá mọ ojúlùmọ̀ yàtọ̀ sí alábàárìn, ó mọ ẹlẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, ó sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí kòríkòsùn. Kì í ṣe pé ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ nìkan. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ayé ènìyàn yàtọ̀. Ojúlùmọ̀ lè fún ọmọ ní sìgá, kòríkòsùn sì lè jẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sọnù. Okùn kan náà tún lè wà ní 1995 àti ní 1997 kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti yí padà pátápátá: ohun tí ó jẹ́ ìfẹ́ ní àkọ́kọ́ lè ti di ìbẹ̀rù. Lójú àwòṣe, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ sí okùn náà.

Ẹ̀rí pé èyí kì í ṣe àwáwí wà ní ilẹ̀ Skọ́tílándì kan náà. Ní ọdún 1996, Lynn Michell àti Patrick West tẹ àròkọ kan jáde lórí ohun tí àwọn àgbàlagbà ń pè ní ipá ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ sìgá mímu. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ohun tí ó jáde ni pé àwọn ọmọ kì í ṣe àgùntàn bí òwe ti rò: ẹni tí kò fẹ́ sìgá a máa yẹra fún ibi tí a ti ń mu ún, a sì máa fi ọ̀rẹ́ tí ó ń mu ún sílẹ̀. Wọ́n sì kìlọ̀ pé ọ̀nà tí a bá gbà béèrè ọ̀rọ̀ ni yóò sọ ìtumọ̀ tí a óò rí. Irú ẹ̀rí báyìí ni ó yẹ kí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà kà jáde. Nínú àwòṣe, ọmọ tí ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí sìgá jẹ́ okùn kan tí ó já; nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìpinnu tí ó na án ní nǹkan ni.

Àwọn kan yóò wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kó ìṣirò dà nù kí a padà sọ́dọ̀ òwe. Ìmọ̀ràn búburú ni. Òwe pẹ̀lú jẹ́ àwòṣe. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ó fi àbá rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ adùn ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó pa òwe àgùntàn fún ọmọ kan ti gbà pé ọmọ náà kò ní ìwà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹnìkejì rẹ̀ ni ajá, àti pé ìrìn náà ṣáájú ìgbẹ́. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Snijders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to àbá wọn síta ní kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ọlọ́jà ti ń pàtẹ, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbé e wò. Nítorí pé wọ́n pàtẹ ni a fi rí ibi tí àbùkù wà. Wọ́n sì tún fún ni ní ọ̀nà láti dán ìtàn náà wò: a lè béèrè bóyá ìsokọ́ra tí kọ̀ǹpútà ń dá jọ ti àwọn ọmọ gidi nínú àwọn ohun tí a kò fi kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò pè ní ọ̀rẹ́. Kò sí òwe tí a lè dán wò bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àríwísí yìí dúró sí, nígbà náà, kò ju orí ọ̀rọ̀ kan lọ: ọ̀rọ̀ náà “yà sọ́tọ̀.” Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé 2010 ṣe ni pé wọ́n ya àṣàyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àkóràn nínú ìtàn kan tí wọ́n ti gbà ṣáájú. Bí ìtàn náà bá jẹ́ òtítọ́, ìyàsọ́tọ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Bí ọ̀nà kẹta bá wà, bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ ti agbo dípò ti ẹnìkan, bí iṣẹ́ bá ti parí kí ọjọ́ kìíní tó pé, ìyàsọ́tọ̀ náà yóò ṣì jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú nọ́ḿbà tí ó dán, kò sì ní sí àpá lára rẹ̀ tí ènìyàn yóò fi mọ̀ pé irọ́ ni. Nítorí náà, kí a pè é ní ẹ̀rí, kí a má pè é ní ìdájọ́. Ẹlẹ́rìí rere ni, ó sì sàn ju èyí tí ó wà ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Fún olùkọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, ohun tí ó yẹ kí ó mú lọ ní ọwọ́ kò pọ̀. Ìwọ̀n tí àwòṣe ń fún ni jẹ́ ti gbogbo ọmọ 129 pọ̀. Ó lè ràn ìjọba lọ́wọ́ láti mọ bóyá owó tí a ń ná lórí ìkìlọ̀ nípa ẹgbẹ́ búburú ń lọ sí ibi tí ó yẹ. Kò lè sọ ohunkóhun nípa ọmọ kan tí ó dúró níwájú tábìlì ọ̀gá ilé ìwé. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n àkóràn lé ọmọ náà kúrò ní ilé ìwé ti sọ ọ́ di ajá láìsí ẹni tí ó rí i ní ibi ìgbẹ́. Ẹni tí ó bá sì fi ìwọ̀n àṣàyàn pa á tì, tí ó wí pé bí a ti bí i nìyí, ti gbàgbé pé ọmọ kan náà lè fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀la. Ìbéèrè tí ó tọ́ láti bi ọmọ náà ni àwọn tí ìwé ìbéèrè kò bi í: nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, níbo ni ó wà, ta ni ó wà níbẹ̀, kí ni ó ń lé e kúrò nílé?

Bí a bá béèrè èyí lọ́wọ́ ọmọ mẹ́rin tí a ká mọ́ ẹ̀yìn ilé ìwé, ó ṣeé ṣe kí ìtàn mẹ́rin jáde, kí òwe kìíní bá ọ̀kan mu, kí èkejì bá òmíràn mu, kí méjì yòókù má sì bá òwe kankan mu. Ohun tí ọgbọ́n Groningen kọ́ ni ni pé kí a máa béèrè ohun tí ó ṣáájú. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ ni kí ó jókòó kí ó gbọ́ ìdáhùn.